Mọ́tò Pákó Tí Bàbá Rẹ Kàn

Kíákíá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá yín kò fi iṣẹ́ pa yín jù? Àwa náà wà níbí, ẹsẹ̀ ń dùn mí díẹ̀díẹ̀, ojú bàbá rẹ kò sì ríran tó bó ṣe yẹ mọ́, ṣùgbọ́n a ń jẹun, a sì ń sùn, tàbí kí n kúkú sọ pé a ń sùn tẹ́lẹ̀, torí ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí kò jẹ́ ká lè fojú ba oorun mọ́. Ọlọ́run tó dá ọ sí láti ọmọ ọwọ́ títí tí o fi di ẹni tó ń wọ inú àpótí oníná tó ń gbé ènìyàn lọ sókè ọ́fíìsì kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ kò ní yọ̀ lábẹ́ rẹ. Ẹni tó bá ní kí o má délé kò ní rí ọ̀nà ilé tirẹ̀. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ, mo mọ̀ ọ́, o ti fẹ́ fo àdúrà kí o lè dé ibi ọ̀rọ̀ gan-an.

Ìwọ lo sọ pé tó bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ mọ́tò, ká má pè ọ́ mọ́ níbi iṣẹ́. O ní tí a bá ní nǹkan í sọ nípa mọ́tò, ká kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ìwọ á kà á nígbà tí inú rẹ bá rọ̀. Mo mọ̀ pé ìbínú lo fi sọ ọ́, o ò rò pé a máa kọ ọ́ lóòótọ́. Ó dáa, mo ti ń kọ ọ́. Láti òwúrọ̀ ni bàbá rẹ ti ń pè ọ́, o ò gbé e, nígbà tó sì yá, fóònù ní o ti pa tìrẹ. Ìyàwó Tíṣà, aládùúgbò wa, ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílùú tí o wà lónìí, òun ló máa mú lẹ́tà yìí dé ẹnu ọ̀nà rẹ. Ó ti jókòó sí pálọ̀ wa pẹ̀lú àpò rẹ̀ lórí itan, ó ń wo aago, mo ní kó fún mi láyè díẹ̀ sí i. Nítorí náà, mo fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́, ka èyí tán kó tó di Sátidé tí wọ́n ní kí o wá gbé mọ́tò rẹ, má sì fo ibì kankan.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí àwọn nǹkan kan wà tí a kò sọ fún ọ. Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ pé o ti sanwó mọ́tò, mo jáde síta, mo ń wo ọ̀nà, mo rò pé o ti ń bọ̀. Àfi ìgbà tí o ní kò tíì sí mọ́tò kankan, pé wọn kò tíì ṣe é. Owó ti lọ, mọ́tò kò sí, o sì ń rẹ́rìn-ín. O ní ọkùnrin kan wà nílé ìtajà mọ́tò tó máa bá ọ sọ fún ilé iṣẹ́ tó wà lókè òkun irú èyí tí o fẹ́, àwọn yẹn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní tìrẹ nìkan látorí ìṣó àkọ́kọ́. Ọkùnrin náà kò dé ilé iṣẹ́ yẹn rí, ìwọ náà kò débẹ̀ rí, ilé iṣẹ́ kò sì mọ ojú rẹ. Mo ní háà, alárenà nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pè é ní Alárenà nínú ilé yìí. Mi ò sọ pé ènìyàn burúkú ni o. Ó kàn jẹ́ pé àwọn alárenà tí mo mọ̀, wọ́n á mú fọ́tò ọmọkùnrin wá, wọ́n á yìn ín títí, wọ́n á sì gbàgbé láti sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yarọ.

Fọ́tò mọ́tò tí o fi ránṣẹ́ náà, a wò ó títí. Ó rí pẹlẹbẹ mọ́lẹ̀, àfi bíi pé ẹnìkan ti jókòó lé e lórí. Bàbá rẹ ní ìyẹn dára, afẹ́fẹ́ kò ní rí ibi dì í mú tó bá ń sáré. Èmi ka àga inú rẹ̀, mo ka méjì. Mo tún un kà. Ìwọ á jókòó sí ọ̀kan, bàbá rẹ á jókòó sí ìkejì, èmi wá ńkọ́? Ṣé kí n máa sáré tẹ̀lé yín lẹ́yìn ni? O ní mọ́tò asáré ni, bí wọ́n ṣe máa ń rí nìyẹn, tí ènìyàn bá fẹ́ eré, kò gbọ́dọ̀ kó ẹrù. Kò tíì tán nínú mi pé ẹrù ni mo jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n já fóònù rẹ gbà lójú pópó, tí o fi nọ́ńbà bàbá rẹ sílẹ̀ fún Alárenà. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ wọn ṣe ń wọlé sọ́dọ̀ wa nìyẹn, èmi ni mo sì ń kà á fún bàbá rẹ. Èyí àkọ́kọ́ ní wọ́n ti fún mọ́tò rẹ ní nọ́ńbà. Inú mi dùn, mo rántí ọjọ́ tí wọ́n fún ọ ní nọ́ńbà ìdánwò nílé ìwé, mo sì gbàdúrà fún mọ́tò náà pé kò ní fìdí rẹmi. Mo dá wọn lésì. Mo ní a dúpẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ bá wa kí ìyá tó ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ yín. Fóònù ní èsì mi kò lè lọ. Mo tún un kọ, mo fi àforíjì kún un bóyá ọ̀nà tí mo gbà kí wọn ló kù díẹ̀ káàtó. Kò lọ. Bàbá rẹ ní bóyá wọ́n ń sùn lọ́hùn-ún. Títí di òní, wọn kò gba ẹyọ ìkíni kan lọ́wọ́ mi.

Bàbá rẹ wá ní nǹkan kan kù, ibo ni mọ́tò máa sùn tí o bá gbé e wálé? Wọ́n kọ́ ilé mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ ibi iṣẹ́ wọn, wọ́n fi páànù bò ó, wọ́n fi ilẹ̀kùn sí i. Ṣùgbọ́n o mọ bàbá rẹ. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ wọn, mi ò rí i kí wọ́n kan nǹkan fún oníbàárà láìkọ́kọ́ fi pákó àlòkù kan irú rẹ̀ wò. Àga ni o, fèrèsé ni o, wọ́n á kan ti irọ́ kí wọ́n tó kan ti òótọ́, wọ́n á ní àwọn kò gba ojú àwọn gbọ́. Ìwé tí Alárenà fún ọ, èyí tí wọ́n kọ gígùn àti ìbú mọ́tò sí, tí o fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, òun ni wọ́n gbé kalẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan mọ́tò rẹ ní pákó, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá á gba ẹnu ọ̀nà wọlé, bóyá ilẹ̀kùn rẹ̀ á ṣí láìgbá ògiri.

Ì bá dáa ká ní wọ́n dúró síbẹ̀, torí àpótí lásán ti tó fún ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kàn án tán, wọ́n yí i po, wọ́n ní kò lójú. Wọ́n gbẹ́ iná iwájú méjèèjì sí i. Wọ́n gbẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rin fún un, wọ́n ki irin bọ̀ wọ́n láàárín kí wọ́n lè máa yí. Wọ́n gbẹ́ sítíárìn. Wọ́n ní kí n wá rán tìmùtìmù àga, èmi náà gbé maṣíìnì mi jáde, mo rán méjì, mo ki fóòmù sínú wọn dáadáa, kò sí oníbàárà tí mo ki fóòmù fún tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀dà búlúù tó kù nínú garawa nígbà tí bàbá rẹ kun ilẹ̀kùn ilé ìwé ni wọ́n fi kùn ún. Gbogbo àdúgbò wá wò ó. Tíṣà wọ inú rẹ̀, orí wọn gbá òrùlé, wọ́n ní àwọn á máa tẹ orí ba tí o bá fẹ́ gbé àwọn. A rẹ́rìn-ín dáadáa lọ́jọ́ náà.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn lo pè wá, tí ìbínú fẹ́ pa ọ́, pé dúdú lo ní o fẹ́, dúdú lo fọwọ́ sí, ilé iṣẹ́ sì ti kun mọ́tò rẹ ní búlúù. O ní búlúù náà kò tiẹ̀ ṣe é wò, ó dà bí ilẹ̀kùn ilé ìwé. O ní Alárenà wo ìwé tí o fọwọ́ sí, ó rí búlúù níbẹ̀, kò sì yé òun náà. O bi bàbá rẹ bóyá wọ́n ṣèèṣì tẹ nǹkan lórí fóònù, wọ́n ní àwọn kò tẹ nǹkankan. Òótọ́ sì ni. Èmi ní tèmi sọ pé búlúù tiẹ̀ dára ju dúdú lọ, eruku máa ń hàn lára dúdú. O já fóònù mọ́ mi létí. A kò ro nǹkankan sí i, búlúù pọ̀ láyé.

Lẹ́yìn náà ni òòlù yọ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ níbi tí wọ́n ti ń tún òrùlé mọ́tò pákó ṣe, ó gbá ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì, ó sì dá ọgbẹ́ sí i lára. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àtẹ̀jíṣẹ́ dé. Wọ́n ní kí a má bínú, nǹkan kan ti gbá ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì mọ́tò rẹ, wọ́n ń tún un ṣe, yóò fa ìdádúró díẹ̀. Mo kà á fún bàbá rẹ. Wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n wá ní kò já mọ́ nǹkan, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ náà ní ọwọ́, òòlù lè yọ̀ níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n mo rí wọn bí wọ́n ṣe lọ dúró ti mọ́tò náà, tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò pa ojú ọgbẹ́ yẹn bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́.

Èmi ni mo ní ká dán an wò. Mo ní tó bá jẹ́ bó ṣe rí nìyẹn, kí wọ́n kan àga tèmi sí i. Àwàdà ni, tàbí kí n sọ pé ìdajì rẹ̀ ni àwàdà. Wọ́n kàn án sẹ́yìn àga méjèèjì, kékeré, ó kàn gba ìdí mi ni, mo sì fi aṣọ tó ṣẹ́kù lára kọ́tìnnì yàrá wa rán tìmùtìmù rẹ̀, olódòdó pupa yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu rẹ la ti gbọ́ ọ. O ní Alárenà pè ọ́, ó ń làágùn, ó fi fọ́tò hàn ọ́, pé àga kẹta wà nínú mọ́tò rẹ, òdòdó pupa wà lára rẹ̀, irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ rí nílé iṣẹ́ náà, kò sí òṣìṣẹ́ tó gbà pé òun ló ṣe é. Wọ́n ní àwọn á dá owó rẹ padà. O ní láéláé, o ti dúró pẹ́ jù, mọ́tò rẹ ni bó ti wù kó rí. Nígbà tí o dárúkọ òdòdó pupa, mo ké, o rò pé mò ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ìgbà yẹn lo ní ká má pè ọ́ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ mọ́tò. Bàbá rẹ gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n lọ fọ ọwọ́ wọn, wọ́n fọ ọ́ pẹ́.

Wọ́n kó gbogbo irinṣẹ́ jáde, wọ́n fi àgádágodo ti ilé mọ́tò, wọ́n ní a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan án mọ́, kódà mi ò gbọ́dọ̀ gbá ilẹ̀ ibẹ̀. Mo rò pé ó ti parí. Àfi bó ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀dọ̀ tiwọn wá sọ́dọ̀ wa. Àtẹ̀jíṣẹ́ ní wọ́n ti gbé mọ́tò rẹ sáré wò ní pápá ilé iṣẹ́. Bàbá rẹ yọjú wo ti wa lójú fèrèsé, wọ́n sì pè mí. Amọ̀ wà lára ẹsẹ̀ mọ́tò pákó, amọ̀ funfun, irú tí kò sí ní gbogbo agbègbè yìí, ó ṣì tutù. Iwájú rẹ̀, ibi tí ẹ́ńjìnnì máa ń wà, tó jẹ́ pé òfìfo ni bàbá rẹ fi síbẹ̀, gbóná. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó gbóná bí ẹ̀yìn ọmọ tí ibà ń ṣe. Ewúrẹ́ tó máa ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn kó lọ sí ọ̀dọ̀ Tíṣà, kò sì padà di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí wọ́n ní ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi, gbogbo ara rẹ̀ ń sun omi. Òjò kò rọ̀. Mo fi ìka kàn án, mo tọ́ ọ wò, bàbá rẹ sì ń bínú pé kí ló dé tí mo fi ń lá ohun tí mi ò mọ̀. Iyọ̀ ni. Ní gbogbo àsìkò yẹn, tí a bá jókòó jẹun, a máa ń gbọ́ tí pákó ń dún nínú ilé mọ́tò, ó ń rọra mì sọ́tùn-ún, ó ń mì sósì, láìsí ẹnì kankan níbẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. A jọ jókòó, a jọ ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, bàbá rẹ tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa owó pákó pẹ̀lú ohùn òkè, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń jẹun.

Ó wá dákẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ní ó ti gúnlẹ̀, pé ó ti dé ọ̀dọ̀ Alárenà, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń tún ìwé rẹ̀ tò. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí i pé tìmùtìmù àga iwájú ti tẹ̀. Fóòmù tí mo fọwọ́ ara mi kì, tí mo mọ bó ṣe le tó, ó tẹ̀ sílẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn jókòó lé e. Òórùn ìpara rẹ, èyí tí o máa ń fi pa ọrùn, gba inú ilé mọ́tò kan. Mo pe orúkọ rẹ. Ẹ̀rù bà mí, ká má parọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ló wà nínú mi. Nígbà tó yá, ìwọ fúnra rẹ fi fọ́tò ránṣẹ́, o ní o yọ́ lọ síbẹ̀ ní àsìkò oúnjẹ ọ̀sán, Alárenà sì jẹ́ kí o jókòó sínú rẹ̀. O di sítíárìn mú, gbogbo eyín rẹ ló hàn.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ ní ọ̀sán. Mo máa ń wọlé lọ jókòó sórí àga ẹ̀yìn, ti olódòdó pupa, mi ò ní fọwọ́ kan nǹkankan. Ìgbà mìíràn o kì í wá. Ìgbà mìíràn tìmùtìmù iwájú á tẹ̀, ìpara rẹ á ta sí mi nímú, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ sọ̀rọ̀, gbogbo ohun tí o kì í ráyè gbọ́ lórí fóònù ni mo sọ fún ọ níbẹ̀, bí ẹsẹ̀ ṣe ń dùn mí, bí bàbá rẹ ṣe ń wá ìfági tó wà lọ́wọ́ wọn, ohun tí mo lá lálàá. Ó pẹ́ gan-an tí mo ti jókòó tì ọ́ tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ pé o gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn ọrùn rẹ nínú mọ́tò yẹn, má bẹ̀rù, èmi ni.

Òwúrọ̀ òní ni ọ̀rọ̀ yí padà. Bàbá rẹ lọ ṣí ilé mọ́tò. Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn bí wọ́n ṣe fi í sí i, mọ́tò náà sì wà ní àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ ti rún wọlé. Pákó tó nípọn bí ìka mẹ́ta ló fọ́ wẹ́wẹ́ yẹn. Sítíárìn ti wọ inú àga. Ibi tí o máa ń jókòó, ọmọ mi, kò sí níbẹ̀ mọ́, tìmùtìmù iwájú ti fún pọ̀ mọ́ tèmi lẹ́yìn. Ara ògiri kò ní àpá, ilẹ̀ kò ní àpá, kò sí ohunkóhun níbẹ̀ tí ó lè kọlù. Ìpara rẹ ṣì ń ta sánsán. Bàbá rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mi ò tíì rí wọn kí wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyá wọn ti kú.

Mo ní kí wọ́n pe Alárenà. Ó gbé e. Ó ní mọ́tò wà digbí, kò sí ohun tó ṣe é, òun ń wò ó lójú bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, o sì ń bọ̀ wá gbé e ní Sátidé. Ó bi bàbá rẹ bóyá ara wọn yá. Ìgbà yẹn gan-an ni orí mi wú. Tí kò bá tíì ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín, tí àwa náà kò sì fọwọ́ kan án níbí, a jẹ́ pé ti Sátidé ló ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Ìwọ lo kàwé jù mí lọ, tí o bá mọ ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn lè gbà rò ó, wá sọ ọ́ fún mi lójú ara mi.

Bàbá rẹ dìde, wọ́n bọ́ ẹ̀wù, wọ́n kó pákó tuntun jáde, wọ́n ní àwọn á tún un ṣe kó tó di ọ̀sán. Wọ́n kan pákó kan síwájú rẹ̀, wọ́n yíjú láti mú ìṣó, pákó náà ya. Wọ́n kan òmíràn, ó ya lójú kan náà. Wọ́n ń kàn án, ó ń ya. Omi ń dà lójú wọn, wọ́n ní eruku igi ni. Mo jókòó sórí àpótí ìṣó, mò ń wò wọ́n, mo sì rí i pé nínú gbogbo ara mọ́tò náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kò bàjẹ́. Mo ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Mo ní tí mọ́tò kò bá lẹ́sẹ̀, kò lè dé ibi tó fẹ́ lọ kọlù. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, wọ́n sì lọ mú irinṣẹ́. A yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò. Kò fẹ́ yọ, a fà á títí èékánná mi kan fi ṣí.

Bàbá rẹ kọ́kọ́ ní báǹkì ló yẹ ká kó wọn lọ, torí ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń kó ohun tí wọn kò fẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn sí. Wọ́n ru ọ̀kan lọ sí báǹkì tó wà ní ìkóríta. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní àwọn kì í gba ẹsẹ̀ mọ́tò, bàbá rẹ ní kó kọ ọ́ sí orúkọ rẹ, ó sì fún wọn ní fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n kọ ẹ̀dùn ọkàn wọn sí i. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n kọ pé ọmọ àwọn ni ẹ̀dùn ọkàn àwọn. Ọmọbìnrin náà tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Nígbà tí wọ́n padà dé, èjìká wọn ti bó. Wọ́n ní kì í ṣe pé ó wúwo, pé ní gbogbo ọ̀nà ló ń fa àwọn lọ sí apá ọ̀nà ìlú ńlá tí o wà. A wá ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa.

Nítorí náà, tí o bá dé ọ̀dọ̀ Alárenà tí o bá rí i pé mọ́tò rẹ fi ikùn lélẹ̀, má pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Má jẹ́ kí wọ́n mú ẹni tó ń ṣọ́ géètì, kò jí nǹkankan. Tí wọ́n bá ní àwọn á fi ẹsẹ̀ mìíràn sí i fún ọ, kódà kó jẹ́ ọ̀fẹ́, má gbà, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ọ́. Wọ bọ́ọ̀sì lásán, èyí tó kún, tó ń rìn bí aláìsàn, jókòó sí àárín, kí o sì máa bọ̀ nílé wá bínú sí wa. Mo mọ̀ pé òógùn rẹ lo fi ra mọ́tò yẹn. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó bù kún un fún ọ, ọ̀gá yín kò fún ọ, àwa náà kò ní ohun tí a lè fún ọ. Láti kékeré, tí bàbá rẹ bá fi bárò ti ọ́, wàá ní kí wọ́n sáré sí i, wàá máa lu irin rẹ̀ gbàù-gbàù, ìdí tí a fi ń pè ọ́ ní Kíákíá nìyẹn, a kò sọ pé eré kò tọ́ sí ọ. Tí o bá fẹ́ kórìíra wa nítorí mọ́tò, kórìíra wa, ọmọ mi, ṣùgbọ́n kí o wà láàyè láti kórìíra wa.

Ní ti owó, o mọ̀ pé mi ò ní kọ lẹ́tà kí n má tọrọ. Pákó tí bàbá rẹ bàjẹ́ láti òwúrọ̀ jẹ́ ti oníbàárà tó fẹ́ ká kan ilẹ̀kùn fún òun, a gbọ́dọ̀ rà á padà fún un. Kọ́tìnnì yàrá náà ti kúrú. Ṣùgbọ́n má fi owó gba báǹkì, má sì fi í gba orí fóònù. Owó tó bá gba ibẹ̀ wá kì í lè sọ fún mi bóyá ara rẹ le. Ọwọ́ rẹ ni kí o fi mú un wá, kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ, kí n fọwọ́ kan ìka rẹ.

Ọlọ́run á bá ọ wọ bọ́ọ̀sì, á bá ọ sọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó ń dúró dè ọ́ lójú ọ̀nà yóò dúró títí yóò fi sú u, yóò sì lọ. Ìwọ lo máa sin èmi àti bàbá rẹ, kì í ṣe àwa la máa sin ọ́. Bó bá ṣe pé kí ènìyàn fi ọjọ́ ara rẹ̀ kún ti ọmọ rẹ̀ ni, kí wọ́n mú nínú tèmi, mi ò ní bèèrè iye tí wọ́n mú. Àṣẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.

Ìyàwó Tíṣà ti dìde, ṣùgbọ́n bàbá rẹ ní kí n fi èyí kún un. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ̀wé ni àwọn ẹsẹ̀ mọ́tò yìí ti ń yí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A fi okùn so wọ́n mọ́ igi bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì ń wọ́ bẹ́ẹ̀dì lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀. Bàbá rẹ ti gun orí rẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n di igi rẹ̀ mú. Bí mo bá ti fi lẹ́tà yìí lé ìyàwó Tíṣà lọ́wọ́, èmi náà máa lọ jókòó tì wọ́n. Àwa méjèèjì ṣì wúwo díẹ̀. Wá kíá, torí a kò ní dìde títí a ó fi gbọ́ ohùn rẹ nínú ilé.